Abẹ́rẹ́ Inú Ọ̀rá Dúdú

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni abẹ́rẹ́ gún Màmá agbálẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti to wákàtí rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù.

Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ni mo jí sí. Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ikùn. Mo yí ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ni àwa ará ilé aláìsàn bá gbé kẹ́ẹ̀gì, ó di ìdí ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ilé ìwòsàn ìjọba ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì mi kún, mo gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Nọ́ọ̀sì alẹ́ wá gún ìyá mi lábẹ́rẹ́. Òun nìkan ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti lò, inú páálí yẹ́lò ló yẹ kó lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì dé e lórí padà, torí ibi tí wọ́n ti ń dé e ló ti máa ń gún wọn. Bí páálí náà bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó yẹ kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n gbé òmíràn wá. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti kún débi pé sírínjì ń yọjú lókè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó gbé àwo tó mú wá sórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi. Ẹnì kan ké láti igun kejì pé omi tí wọ́n fà sí òun lára ti yọ. Ó sáré lọ.

Aago méje ààbọ̀. Ìyá mi mu ẹ̀kọ. Mo kó ewé ẹ̀kọ, òwú, tíṣù àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo dà wọ́n sínú ọ̀rá dúdú. Títí di òní ni mò ń gbìyànjú láti rántí bóyá nǹkan wà nínú òwú yẹn.

Aago mẹ́sàn-án. Àwọn dókítà dé, Mètírọ̀nù tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́. Iṣẹ́ tiwọn nílé ìwòsàn náà ni pé kí àrùn má ti ara aláìsàn kan ràn dé ara òmíràn, ọwọ́ ni wọ́n sì ń ṣọ́. Ìgbà márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òṣìṣẹ́ nu ọwọ́ mọ́: kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kó tó tọ́jú egbò tàbí fa omi sí i lára, lẹ́yìn tó bá fara kan ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn tó bá kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tó bá kan bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Èyí ìkẹyìn ni wọ́n gbàgbé jù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀gá dókítà kúrò níbi bẹ́ẹ̀dì kẹta, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, kò fọ ọwọ́. Mètírọ̀nù kò bá a wí. Wọ́n rọ orúnkún díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na ìgò sànìtáísà sí i bí ẹni ń gbé omi fún àlejò: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ gba tọwọ́ yín." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fi pa ọwọ́ títí ó fi gbẹ. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà na ọwọ́. Ìwé ìlànà wà lára ògiri lókè orí wọn o. N kò rí ẹni tó kà á.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Màmá ń di ẹnu ọ̀rá dúdú. Ìdọ̀tí lásán, irú èyí tó ń jáde nílé, ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n wọ̀, kì í ṣe èyí tó nípọn. Mo gbọ́ "Yéè!" Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lórí ìka, wọ́n ń gbé e lọ sẹ́nu.

"Ẹ má fi sẹ́nu! Ẹ má fún un, Màmá! Ọṣẹ àti omi ni." Mètírọ̀nù ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti yí ẹ̀rọ. Ó húkọ́. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi. Èmi ń da omi, Mètírọ̀nù ń fọ ìka, Màmá ń tẹnu mọ́ ọn pé kò dun àwọn, kò dun àwọn, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n.

Abẹ́rẹ́ ta ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí a bá mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀, wọn ì bá yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn tó ń dènà HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Nínú 1,000 ènìyàn tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ HIV bá gún, bíi mẹ́ta ló ń kó o. Ti àrùn ẹ̀dọ̀ B ló burú: ó lè tó 30 nínú 100 fún ẹni tí kò gba àjẹsára rẹ̀.

"Ẹ ti gba ti ẹ̀dọ̀?"

Màmá ní kò sẹ́ni tó fi lọ àwọn rí. Abẹ́ kọ́ńtírátọ̀ ni wọ́n wà. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gba tiwọn, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé.

Aago méjìlá ààbọ̀, Màmá gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Mo rántí ọdún 2014, nígbà tí Ẹbólà wọ Èkó, tí ènìyàn 20 kó o ní Nàìjíríà, tí 8 kú. Gbogbo wa la mọ orúkọ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó wà lára àwọn tó kú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń tọ́jú wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn tí dókítà náà ti ń ṣiṣẹ́ kú pẹ̀lú. Ẹni mélòó ló lè pe orúkọ rẹ̀?

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mètírọ̀nù padà wá, wọ́n ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Wọn kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. "Kí ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yìí ní aago mẹ́fà àárọ̀?" Mo sọ ti àwo. Mo sọ ti ewé ẹ̀kọ àti òwú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láìgbójú sókè, wọ́n wá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: páálí kún. Kó tó di aago márùn-ún, páálí tuntun ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wà nínú sítóò látọjọ́ yìí. Kọ́kọ́rọ́ ni kò sí nítòsí.

Aago mẹ́fà. Màmá wá dágbére. Wọ́n ti di oògùn wọn mọ́ etí ìró. Wọ́n bi mí bóyá egbò ìyá mi ń gbẹ, mo ní ó ń gbẹ. Wọ́n gbá mi léjìká jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, o ṣeun fún omi yẹn o."

Mo kúnlẹ̀, n kò rí nǹkan kan sọ.