Láti Ọgbọ̀n Irú sí Ẹyọ Kan: Ìtàn Ẹnu Ṣájà Fóònù ní Yúróòpù

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ti fóònù, ọ̀nà tí iná ń gbà wọ bátìrì ti pọ̀ jù nígbà kan rí. Ohun tí pépà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó sọ ẹnu ṣájà di ọ̀kan. Òfin ni ó parí iṣẹ́ náà.

Àdéhùn
Ní 1996 ni iléeṣẹ́ méje, tí Intel àti IBM wà lára wọn, gbé USB jáde, kí oríṣiríṣi ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà lè di ọ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi di 2009, irú ṣájà fóònù tí ó wà ní Yúróòpù tó 30. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá bá Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe àdéhùn lórí micro-USB. Àdéhùn náà kì í ṣe ọ̀ranyàn. Apple fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó gbé Lightning tirẹ̀ jáde ní 2012. A kò lè sọ pé kò ní ìdí: kò sí bí a ṣe dojú Lightning kọ ihò tí kì í wọlé, micro-USB kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Òfin
USB-C, tí ó jáde ní 2014, ní àǹfààní kan náà. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ sì ṣírò pé ṣájà tí a jù nù àti èyí tí a kò lò ń di pàǹtí tí ó tó 11,000 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹwàá 2022, aṣòfin 602 dìbò fún òfin USB-C. 13 péré ni ó takò ó. Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2024 ni ó ti di dandan fún fóònù tuntun. Apple kò dúró di ọjọ́ náà: iPhone 15, tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2023, lo USB-C káàkiri àgbáyé, kì í ṣe ní Yúróòpù nìkan.

Àgbálọgbábọ̀
Bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ẹ̀rọ, kí a má ṣe dúró lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é. Kí a tún béèrè ẹni tí ó gbà láti lò ó, àti ẹni tí a fi dandan mú. Òfin tí ó yan ẹnu kan lè dí èyí tí ó sàn jù lọ́nà lọ́la. Ìdí nìyí tí òfin yìí fi fi àyè àtúnṣe sílẹ̀.