Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Àwọn Ọ̀mùtí Awakọ̀ ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará mi, ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ẹni pé ó kéré, ṣùgbọ́n tí ó kan gbogbo ẹni tí ń gbé ìlú ńlá. Bí ènìyàn kan bá mu ọtí yó, tí ó wa ọkọ̀, tí a sì dá a lẹ́bi ní ilé ẹjọ́, níbo ni a ó ti rí àkọsílẹ̀ ọ̀ràn náà? Ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kà á? Ìtàn ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni èmi yóò fi dáhùn, nítorí níbẹ̀ ni ẹjọ́ tí a sábà máa ń kà sí èkíní irú rẹ̀ ti wáyé.

Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé, òfin ti wà. Ní ọdún 1872, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá mutí yó, tí ó sì ń ṣe àkóso kẹ̀kẹ́ ẹrù, ẹṣin, màlúù, tàbí ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi rìn ní ojú ọ̀nà gbangba, yóò san owó ìtanràn tí kò ju sílè 40 lọ, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ. Ní ayé ẹṣin, ewu náà kò pọ̀ tó bí ó ti wá pọ̀ lẹ́yìn náà. Bí ọ̀gá tilẹ̀ sùn lọ lórí kẹ̀kẹ́, ẹṣin mọ ọ̀nà ilé, kò sì ní mọ̀ọ́mọ̀ fi orí sọ ògiri. Ẹ̀rọ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù August, ọdún 1897, àwọn ọkọ̀ akérò tí ń fi agbára mànàmáná rìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, Walter Bersey ni ó sì ṣe ètò wọn. Kò tíì pé oṣù kan, ní ọjọ́ 10 oṣù September, tí George Smith, tí ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, fi í kọ lu ilé kan ní òpópónà New Bond. A mú un lọ sí ilé ẹjọ́ ọlọ́pàá ti Marlborough Street. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, a sì bu owó ìtanràn lé e, tí kò tó sílè 40 tí òfin fi ṣe òpin.

Báwo ni a ṣe mọ ọ̀ràn yìí títí di òní? Òfin ọdún 1848 ti sọ pé ibi tí adájọ́ kékeré bá jókòó gbọ́ ẹjọ́ sí, ilé ẹjọ́ gbangba ni, kí gbogbo ènìyàn sì lè wọlé níwọ̀n bí àyè bá ti gbà wọ́n. Nítorí náà ni àwọn akọ̀ròyìn fi ń jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọdún 1879, òfin mìíràn pàṣẹ pé kí akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní ìwé ńlá kan, nínú èyí tí yóò máa kọ gbogbo ìdájọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ìwé náà kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Adájọ́, tàbí ẹni tí adájọ́ tàbí mínísítà ìjọba bá fún ní àṣẹ, ni ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé wà ní títì. Ìwé ìròyìn ni ó wá di ìwé ìrántí àwọn ará ìlú.

Lónìí ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà fún ẹni tí ń wá irú ẹjọ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìwé àwọn ilé ẹjọ́ ọlọ́pàá, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní Clerkenwell. Èkejì ni àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹ̀kẹta wà fún ọ̀ràn tí ó wúwo, bí ẹnìkan bá kú: irú rẹ̀ lè dé ilé ẹjọ́ Old Bailey, tí a tẹ ìròyìn ẹjọ́ rẹ̀ jáde láti ọdún 1674 títí di ọdún 1913, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà nísinsìnyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, orúkọ nìkan kò tó láti fi wá ẹjọ́. Àwọn tí ń jẹ́ George Smith ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà kò ní òǹkà. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́, tí kò sì mọ ilé ẹjọ́, lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan lé orí aláìṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àìsí orúkọ nínú ìwé ìròyìn kì í ṣe ẹ̀rí àìlẹ́ṣẹ̀, nítorí ohun tí ó bá ya ènìyàn lẹ́nu ni akọ̀ròyìn máa ń kọ. Àwọn baba wa wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó ka ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé, tí ó sì dá ẹjọ́ lé e lórí, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí òfin ti ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ń yí padà. Òfin ọdún 1903 pàṣẹ pé kí awakọ̀ gba ìwé àṣẹ, ó sì fún ilé ẹjọ́ ní agbára láti kọ ẹ̀bi awakọ̀ sí ara ìwé náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ń gbé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ kiri nínú àpò. Òfin ọdún 1925 dárúkọ ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ń wà ní pàtó, ó sì gbé ìyà rẹ̀ ga dé pọ́ùn 50 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 4, tàbí méjèèjì. Ti ọdún 1930 ní kí a gba àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi fún oṣù 12, àfi bí ilé ẹjọ́ bá rí ìdí pàtàkì láti má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń pè ní yíyó? Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ẹ̀rí ojú ni. Ọlọ́pàá yóò ní òun gbọ́ òórùn ọtí, dókítà yóò ní kí ọkùnrin náà rìn lórí ìlà kan, awakọ̀ yóò sì ní àárẹ̀ ni ó mú òun. Ẹnu dojú kọ ẹnu. Ní ọdún 1967, nígbà tí Barbara Castle jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, òfin fi òǹkà rọ́pò ẹ̀rí ojú: kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 80 ọtí lọ nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Láti oṣù October ọdún náà ni ọlọ́pàá ti ń ní kí awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sínú ohun èlò kan. Ní ọdún kìíní, iye àwọn tí ó kú ní ojú ọ̀nà ilẹ̀ náà dín ní ẹni tí ó ju 1,000 lọ. Àwọn tí ó pa ìṣirò mọ́ ni ó jẹ́ kí a lè mọ̀ pé òfin náà gba ẹ̀mí là.

Nígbà tí ó di ọdún 1974, ìgbìmọ̀ kan náà ṣe òfin pé, lẹ́yìn ìwọ̀n ọdún tí a yàn, kí a máa ka ọ̀pọ̀ ẹ̀bi sí èyí tí ó ti parí, bí ẹni náà kò bá tún ṣẹ̀. A kò fa ìwé ya, a kò sì pa òtítọ́ rẹ́, ṣùgbọ́n a kò gbà kí ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ kan máa lé ènìyàn kiri títí dé ibojì.

Ẹ̀yin ará mi, ìlú tí kò kọ ẹjọ́ sílẹ̀ yóò máa sin òkú láìmọ ohun tí ó pa wọ́n, àròyé ọjà ni yóò sì máa fi dá ẹjọ́. Ìlú tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìní àánú yóò sì sọ ìwé di òkò. Nítorí náà, bí a bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kà á dé òpin: ọjọ́, ibi, ẹ̀bi, ìyà, àti ọdún tí ó ti kọjá láti ìgbà náà wá.