Ìbò àti Yíyàn: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Méjì àti Àwọn Ẹgbẹ́ Wọn ní Èdè Ayé



Nígbà tí ìjọ bá fẹ́ ní ìgbìmọ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ méjì ni akọ̀wé lè kọ sínú ìwé ìpàdé. Ó lè kọ pé, "A yan Lágbájá"; ó sì lè kọ pé, "A dìbò fún Lágbájá." Àwa tí a ń ka ìwé náà kì í bìkítà èwo ni ó kọ. Bẹ́ẹ̀ ni orírun ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà sí ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ojú: ó ń sọ nípa ẹni tí ó yẹ nǹkan wò fínnífínní kí ó tó mú èyí tí ó dára. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a pa dé: ìdí Ifá ni ó ti wá, ó sì ń sọ nípa ẹni tí kò fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ yàn rárá. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí ṣe pàdé nínú àpótí kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ, a ó sì pe àwọn èdè mìíràn wá jẹ́rìí sí i.

I. Iṣẹ́ Ojú

Ẹ wo obìnrin tí ó jókòó ti àtẹ, tí ó ń ṣa ẹ̀wà. Ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó ń mú èyí tí ó dára, ó ń sọ òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ nù. Láti inú ṣíṣà bẹ́ẹ̀ ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà ṣàyàn: a ṣà á, a sì yàn án. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ronú gẹ́gẹ́ bí ìyá ẹlẹ́wà yìí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, legere, tí í ṣe ṣíṣà àti kíkójọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ pé a mú ẹnìkan láàárín ọ̀pọ̀, wọ́n pè é ní eligere, èyíinì ni ṣíṣà jáde. Láti ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí elect, tí àwọn Faransé sì rí élire. Àwọn Lárúbáwá ń pe ìdìbò ní intikhāb, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí mímú èyí tí ó dára jù lọ. Àwọn Háúsá ń pè é ní zaɓe, yíyàn lásán, bí a ti lè yan aṣọ ní ọjà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé sì ń lò lójoojúmọ́ fún yíyàn, choisir, ìdílé kan náà ni ó ti wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Látìnì tí í ṣe títọ́ wò lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa gbé yàn lọ sí ibi tí ó jìnnà ju ọjà lọ. Wọ́n ní kí ènìyàn tó wá sí ayé ni ó ti kúnlẹ̀ yan ohun tí yóò jẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ní àkúnlẹ̀yàn àti àyànmọ́. Ẹ kíyèsí àyànmọ́ dáradára: ohun tí a yàn ni, tí ó sì mọ́ ẹni lára. Lójú àwọn àgbà, yíyàn kì í parí ní ọjọ́ tí a yàn. Ẹni tí ó yàn yóò gbé ohun tí ó yàn rù.

II. Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí A Pa Dé

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú Olúfọ́n, tí ó bá Ìlobùú pààlà, kì í ṣe ìlú tí ó yẹ kí a máa ṣàlàyé ìbò fún. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ ìbò nínú àpótí kò mọ ìbò tí ó ṣáájú rẹ̀. A kò wá láti gbé Ifá ga, a kò sì wá láti bú u. Ìtàn ọ̀rọ̀ ni a ń sọ.

Nígbà tí babaláwo bá ti dá Ifá, tí odù sì ti hàn, ẹni tí ó wá bèèrè lè fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi. Nígbà náà ni a ó fún un ní ìbò. Lọ́pọ̀ ìgbà owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ ni ó dúró fún ire, tí egungun kékeré kan sì dúró fún ibi. Àwọn babaláwo mìíràn a máa lo òkúta, àpáàdì àti èso igi pẹ̀lú, olúkúlùkù pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. Ẹni náà yóò pa ìbò mọ́ ọwọ́, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, babaláwo kò sì gbọdọ̀ mọ èyí tí ó wà níbo. Èyí ni ó di ìbò. Babaláwo yóò tún dá Ifá ní ẹ̀ẹ̀mejì. Odù tí ó jẹ́ àgbà ni yóò fi hàn bí ọ̀tún ni a ó mú tàbí òsì. Lẹ́yìn náà ni a ó ní kí adìbò ṣí ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí a bá bá níbẹ̀ ni ìdáhùn.

Nínú iṣẹ́ yìí, ohun méjì ni ó yẹ kí a dì mú. Èkíní, ìkọ̀kọ̀ ni ìbò, ẹni tí ó dì í nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Èkejì, ẹni tí ó dì í kò yàn. Ó fi yíyàn sílẹ̀ fún agbára tí ó ga jù ú lọ.

III. Àwọn Èdè Tí Ó Fi Ìbò Pe Yíyàn

Ẹnìkan lè rò pé Yorùbá nìkan ni ó mú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti àṣírí ọ̀run wá sí ibi ìdìbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ kan, qurʿa, tí í ṣe gègé tí a ṣẹ́. Àwọn Háúsá gbà á, wọ́n pè é ní ƙuri'a. Àwọn ará Súwàhílì ní ìlà oòrùn Áfíríkà gbà á, wọ́n pè é ní kura. Lónìí, Háúsá tí ó bá lọ dìbò, ƙuri'a ni ó lọ jù. Ará Kẹ́ńyà àti ará Tànsáníà tí ó bá lọ dìbò, kura ni ó lọ ta. Èdè mẹ́ta ni ó rí ìwé ìdìbò tí wọ́n sì sọ pé gègé ni.

Ní ìlú Áténì àtijọ́, gègé gan-an ni wọ́n fi ń yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjòyè ìlú àti àwọn adájọ́. Wọ́n ní èyí ni kò ní jẹ́ kí olówó gba gbogbo ipò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan àwọn ọ̀gágun, wọn kò jẹ́ ṣẹ́ gègé. Ọwọ́ ni wọ́n ń nà sókè láti yàn wọ́n, nítorí pé ìlú lè fara da adájọ́ tí kò gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀gágun tí kò gbọ́n a máa pa ìlú run.

Kleros ni àwọn Gíríìkì ń pe gègé náà, ọ̀rọ̀ yìí sì wọ inú Ìjọ. Nígbà tí ipò Júdásì ṣófo, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí wọ́n tó ọgọ́fà gbé ènìyàn méjì kalẹ̀, wọ́n gbàdúrà, kleros sì mú Mattia. Láti inú kleros ni orúkọ tí àwọn èdè Yúróòpù ń pe ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà ti jáde. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, lábẹ́ ìtọ́jú Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n rí fún un: àwọn atukọ̀ tí ó gbé Jona ṣẹ́ kèké, ṣùgbọ́n Aaroni dìbò lórí ewúrẹ́ méjì. Ìbò tí a kà níbẹ̀, ìbò ti àtijọ́ ni.

Ẹ sì kíyèsí i pé lẹ́yìn Mattia, ìwé Ìṣe àwọn Aposteli kò sọ fún wa mọ́ pé a ṣẹ́ gègé yan ẹnikẹ́ni. Ní orí kẹfà, nígbà tí a ń ráhùn nípa oúnjẹ àwọn opó, a sọ fún ìjọ irú ènìyàn tí wọn óò wá, àwọn ni wọ́n sì fi ojú ara wọn yan àwọn méje náà.

IV. Òkúta, Ọwọ́ àti Ohùn

Àwọn èdè mìíràn ń pe yíyàn pẹ̀lú orúkọ ohun tí a fi ṣe é. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn adájọ́ Gíríìkì ń jù ni psephos. Òun ni Pọ́ọ̀lù dárúkọ nígbà tí ó jẹ́wọ́ níwájú Àgírípà pé òun fi ọwọ́ sí ikú àwọn ènìyàn mímọ́. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 kò kọ òkúta síbẹ̀. Ohùn ni ó kọ. Kò ṣìnà, nítorí pé ohùn ni àwọn Faransé, àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe ìbò títí di òní. Ìlú Fẹ̀nísì ní Ítálì ní bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń pè ní ballotta; láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí ballot. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Bárnábà sì yan àwọn àgbà fún ìjọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí Lúùkù lò bẹ̀rẹ̀ láti inú nína ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn Ìgbò, aládùúgbò wa, ń pe ìdìbò ní ntuli aka, gbígbé ọwọ́ sókè.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn ará Ìfọ́n yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní Róòmù, ẹni tí ó ń wá ipò a fi ẹfun pa aṣọ rẹ̀ kí ó lè funfun báláú, wọ́n sì ń pè é ní candidatus, aláṣọ funfun. Ní ìlú yìí, tí Òrìṣà Olúfọ́n ti ń gba àlà àti ẹfun, tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú sì gbé orúkọ rẹ̀ dé Bràsíìlì tí wọ́n ń pè é ní Oxalufã títí di òní, kò sí ẹni tí a ó sọ fún pé aṣọ funfun kò gba àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n aṣọ àwọn ará Róòmù gba àbàwọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn fún kíkiri láti bẹ ènìyàn, ambitus, ni ó padà di orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ fífi owó ra ìbò, òfin lé òfin ni wọ́n sì ṣe láti dá a dúró. Ní ọdún 139 ṣáájú ìbí Olúwa wa, wọ́n ṣe òfin pé kí olúkúlùkù kọ ẹni tí ó yàn sórí pátákó kékeré ní ìkọ̀kọ̀. Ìpínlẹ̀ Fikitóríà ní Ọsirélíà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1856, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1872. Ohun tí wọ́n fi òfin wá ni ọ̀rọ̀ wa ti ní nínú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ọwọ́ tí a pa dé.

V. Ta Ni "A"?

Ní September 1923 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà, tí àwọn ará Kálábà sì yan ẹyọ kan. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ní ọdún náà ni ó gba ipò mẹ́ta ti Èkó. "A yàn wọ́n," ni gbogbo ayé ń wí. Ṣùgbọ́n ta ni "a"? Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni òfin gbà láyè. Ìyá alátẹ kò sí nínú "a" náà, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ àti aláàárù. Ní 1976 ni a tó fún àwọn obìnrin Òkè Ọya ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, ní 1979 ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó nínú ìdìbò gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "a," fi àádọ́ta ọdún àti ju bẹ́ẹ̀ lọ gbòòrò kí ó tó gba gbogbo wa.

A dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 27 August, 1991. Ní December ọdún náà a yan Isiaka Adeleke ní gómìnà, òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ yìí yàn. Ní ìgbà náà, òfin ní kí olúkúlùkù tò sẹ́yìn ẹni tí ó fẹ́ ní gbangba, kí a sì kà wọ́n. Ìbò tí a kò dì ni. Ó ní ire tirẹ̀: gbogbo ojú ni ó rí iye ènìyàn tí ó wà lórí ìlà, ó sì ṣòro láti jí ìlà gbé bí a ti ń jí àpótí. Ṣùgbọ́n onílé rí ibi tí ayálégbé rẹ̀ dúró sí, ọ̀gá rí ọmọ iṣẹ́, ọkọ rí aya. Ní June 1993 a tún dá ìkọ̀kọ̀ padà: adìbò ń tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀, ó sì ń ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí ní gbangba. Ọwọ́ tún padà di ọwọ́ tí a pa dé.

Ẹ̀yin ará, níhìn-ín ni gbogbo ẹ̀rí àwọn èdè wọ̀nyí parí sí. Ìbò ti àtijọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n kò ní yíyàn. Yàn ní ojú, ó sì ní ẹrù. Nígbà tí a sọ pé a dìbò yan ẹnìkan, a ti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. A gba ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ìbò, a sì gba ẹrù lọ́wọ́ yàn. Nítorí náà, ẹni tí olórí búburú bá jẹ lé lórí, tí ó sì wí pé, "Bí ìbò ṣe mú un nìyẹn," ọ̀rọ̀ àwọn baba rẹ̀ ni ó ń ṣì lò. Ìbò kò mú ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa ni a ń mú un. Bí ó bá jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ìjọ, bí ó bá jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣà á bí ìyá ẹlẹ́wà ti ń ṣà, kí a má ṣe fi ojú pípa dé yan ọ̀gágun.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Owó ẹyọ wà ní ọwọ́ adìbò nígbà àtijọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àmì ire ni, kì í ṣe owó ọjà. Adìbò kò ná an, ó dá a padà nígbà tí ó ṣí ọwọ́. Ẹni tí ó ń ki owó bọ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìdìbò lónìí mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó mọ̀ pé ọwọ́ tí ó ti kún kò rí àyè di ìbò mọ́.