Láti orí Epo Pupa dé orí Epo Rọ̀bì: Ẹ̀kọ́ Ìtàn láti Àríwá Èkìtì nípa Ọrọ̀ Tí Kì í Pẹ́



Kókó ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti ra epo pẹtiróòlù láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 wá. Nǹkan mẹ́ta ni àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé ń jiyàn lé lórí: pé epo rọ̀bì inú ilẹ̀ ń dín kù, pé iye tí aráyé ń lò lójúmọ́ ń pọ̀ sí i, àti pé èéfín epo tí a ń jó ń yí ojú-ọjọ́ padà. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó tàbí Ìgbólé nínú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí a kò wa epo rọ̀bì ní ibì kankan ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìdáhùn wa ni pé ó kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí a bá wo ẹ̀yìn dáadáa, a óò rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọrọ̀ kan ti gbé àwọn ènìyàn wa ga tí ó sì tún yẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Epo rọ̀bì ni ó ṣe ìkẹta. Ohun tí a fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ọrọ̀ wọ̀nyí kò tán nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó tán lọ́wọ́ ẹni, àti pé ohun tí a bá fi ọrọ̀ ṣe nígbà tí ó wà ni ó ń sọ bí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti rí.

Ọ̀pẹ àti Epo Pupa

Kí aráyé tó mọ epo rọ̀bì lò, epo pupa ni epo ní ilẹ̀ wa. Òun ni a fi ń se ọbẹ̀, òun ni a ń rọ sínú fìtílà alámọ̀. Àdín tí ó ti inú èkùrọ́ wá ni a sì fi ń para. Nígbà tí òwò ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí kásẹ̀ nílẹ̀ ní etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo pupa ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì yíjú sí. Ọkọ̀ ojú omi ń kó o lọ sí Liverpool; wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi pa ẹ̀rọ lára kí irin má baà máa ha irin. Epo ọ̀pẹ ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa yí geerege.

Ní ọdún 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí kẹrosíìnì àti òróró ẹ̀rọ tí a fọ̀ láti inú epo rọ̀bì fi gba ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí epo pupa ń ṣe. Ọ̀rá ẹran láti Australia àti èso olóròóró láti Íńdíà náà tún bá a díje. Láti àárín ọ̀rúndún náà lọ, owó epo pupa ń lọ sílẹ̀ ní ọjà Yúróòpù, pàápàá jù lọ láàárín ọdún 1880 sí 1890.

Ní àkókò yìí gan-an ni Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ń ja ogun Kírìjì, láti ọdún 1877 títí di 1886. Òmìnira kúrò lábẹ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ni olórí ìdí ogun náà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ni ọ̀nà ni ó ni ọjà. Nígbà tí ọ̀nà wá là lẹ́yìn ogun, ọjà epo tí ó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ènìyàn ti ń gbúròó rẹ̀. Ọ̀pẹ kò gbẹ, epo kò sì tán lára ẹyìn. Ará òkèèrè tí ń rà á ni ó rí epo mìíràn.

Kòkó

Kòkó ni ó di ọrọ̀ kejì. Láti Àgége, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá oko kòkó ńláńlá, ni irúgbìn náà ti tàn dé àárín ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tí ó ti òkè lọ ṣe iṣẹ́ alágbàṣe ní ìsàlẹ̀ wà lára àwọn tí ó mú un padà sílé. Nígbà tí ó fi di àárín ọ̀rúndún ogún, kòkó ni ọ̀pọ̀ ìdílé Èkìtì fi ń kọ́lé, òun ni wọ́n fi ń gbéyàwó, òun ni wọ́n sì fi ń san owó ilé-ìwé.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àgbẹ̀ kòkó kì í dá iye sí ọjà rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ni ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tí ó rẹlẹ̀ sí ti ọjà àgbáyé, tí ó sì ń tọ́jú èrè. Ìnira ńlá ni èyí jẹ́ fún àgbẹ̀. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú èrè náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé lé ẹ̀kọ́ lórí. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń yangàn lónìí pé ilẹ̀ Èkìtì ni ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a rántí pé abẹ́ igi kòkó ni owó ìwé náà ti wá.

Ní àsìkò ọdún 1970 sí 1971, kòkó tí Nàìjíríà kó jọ lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn ọdún kan wà tí kò tó ìdajì iye yẹn. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àìsàn àti ogbó igi wà níbẹ̀. Iye tí ìgbìmọ̀ ìjọba ń san náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi jù ni pé ọrọ̀ mìíràn ti dé, ó sì ti fa ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ kúrò lóko.

Epo Rọ̀bì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá ni a ti kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wá epo rọ̀bì ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 1908 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè Àràròmí, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, nítorí ọ̀dà dúdú tí ń sun jáde láti inú ilẹ̀ níbẹ̀. Ogun àgbáyé ọdún 1914 ni ó dá iṣẹ́ náà dúró. Ó di ọdún 1956 kí wọ́n tó rí epo tí ó tó tà ní Oloibiri, ní ilẹ̀ Ìjọ̀, ó sì di 1958 kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ gbé e lọ sí òkè òkun.

Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ OPEC ní ọdún 1971. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, iye àgbá epo kan gbéra láti nǹkan bí dọ́là 3, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974. Owó Údójì dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀ lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Ìrẹsì òkèèrè wọ ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Igi kòkó ń darúgbó, kò sì sí ẹni tí yóò gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kòkó kò kọ̀ láti so. Àwa ni a kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 1986, iye àgbá epo já wá sí ìsàlẹ̀ dọ́là 15, ebi àti ọ̀wọ́n sì wọ ilé tálákà. Bákan náà ni ó tún rí nígbà tí iye rẹ̀ ṣubú láti òkè dọ́là 100 ní àárín ọdún 2014 títí ó fi wá sí ìsàlẹ̀ dọ́là 30 ní oṣù kìíní ọdún 2016: ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, Èkìtì pẹ̀lú, kò rí owó oṣù òṣìṣẹ́ san déédéé. A ó rántí pé láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ilẹ̀ Ìlàjẹ tí ó ní epo ti kù sí ọ̀dọ̀ Oǹdó. Èkìtì kò ní ìpín nínú ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ń mú epo jáde, ṣùgbọ́n ó pín nínú gbogbo ìṣubú ọjà epo.

Ṣé Epo Ń Tán Ní Tòótọ́?

Ní ọdún 1956 kan náà tí a rí epo ní Oloibiri, M. King Hubbert, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ fún Shell ní Amẹ́ríkà, sọ tẹ́lẹ̀ pé epo tí Amẹ́ríkà ń wà yóò dé òtéńté rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970, tí yóò sì máa dín kù lẹ́yìn náà. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n rí ọ̀nà tuntun láti fọ́ àpáta inú ilẹ̀ kí epo inú rẹ̀ lè jáde, nígbà tí ó sì di 2018, iye tí Amẹ́ríkà ń wà ti ju ti 1970 lọ. Aráyé pẹ̀lú kò dẹwọ́: ní ọdún 1973, iye tí gbogbo ayé ń lò lójúmọ́ kò tó 60 mílíọ̀nù àgbá, lónìí ó ti lé ní 100 mílíọ̀nù.

Nàìjíríà ní nǹkan bí bílíọ̀nù 37 àgbá nínú ilẹ̀. Bí a bá ń wa àgbá mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, yóò tó wa fún ohun tí ó ju 60 ọdún lọ. Nítorí náà, ẹ̀rù pé ilẹ̀ yóò gbẹ lọ́la kọ́ ni ó yẹ kí ó bà wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, epo tí a rí wà kò tó mílíọ̀nù kan àgbá lójúmọ́. Epo sì wà nínú ilẹ̀, olè àti ìbàjẹ́ ọ̀pá epo ni ó fà á. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé ayé mọ́lé, iye epo Amẹ́ríkà já kọjá òdo: ẹni tí ó ní epo lọ́wọ́ ni ó ń sanwó fún ẹni tí yóò bá a gbà á. Ohun tí ó dé bá epo pupa nígbà Kírìjì kò jìnnà sí èyí. Bí ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná ti ń pọ̀ ní Ṣáínà àti Yúróòpù, ẹni tí ń ra epo wa ti ń wo ọ̀nà mìíràn.

Ojú-Ọjọ́

Ọdún 1958 tí epo wa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ni Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́, nǹkan bí 315 ni ó bá nígbà náà. Lónìí ó ti kọjá 420. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń dá ooru dúró bí aṣọ òtútù tí a fi bo ayé. Àwa náà dá sí i: òfin ọdún 1979 ní kí dídáná sun gáàsì nídìí kànga epo dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ṣùgbọ́n iná náà kò tíì kú.

Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tí ó ní epo, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Ní òkè lọ́hùn-ún, àríwá Èkìtì wà ní ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn. Kòkó kì í fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn gùn ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ. Bí ooru bá ń ga, tí òjò bá ń pẹ́ dé, tí ó sì ń rọ̀ ní àrọ̀dá nígbà tí ó bá dé, ọ̀dàn ni yóò máa jẹ igbó wọlé, ilẹ̀ kòkó Ìkọ̀lé àti Òmùò ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Epo tí ó wọ́n tún ń lé àwọn ènìyàn padà sí ìdí igi ìdáná àti èédú, igbó tí ó ń pa òjò mọ́ fún wa sì ni wọ́n ń gé.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó ni ó jó epo yìí di ọlọ́rọ̀, àti pé ìwà ìrẹ́jẹ ni kí wọ́n wá ní kí tálákà pa iná tirẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìpín gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà nínú èéfín náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó tọ́ kí a béèrè ẹ̀tọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a bá jàre kò lè rọ òjò sí oko kòkó.

Àsọkágbá

Nínú ọrọ̀ mẹ́ta tí a ti yẹ̀ wò, ọ̀kan ṣoṣo ni ó fi ohun tí ó wà pẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Èkìtì. Owó epo pupa kọjá lọ. Owó kòkó ni a sọ di ìwé, ìwé náà kò sì bá kòkó ṣubú. Ohun tí epo rọ̀bì yóò fi sílẹ̀ kò tíì hàn. Láti ọdún 2021 tí Nàìjíríà ti ṣèlérí níwájú ayé ní Glasgow pé òun yóò fi òpin sí èéfín tí ó bá pọ̀ ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ lè gbà mọ́ra ní ọdún 2060, ọjọ́ ti ní òǹkà.

Ìmọ̀ràn wa kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí owó epo tí ó bá ń wọlé di ohun tí yóò wà lẹ́yìn epo: iná tí a ń rí láti ara oòrùn fún ilé ìwòsàn, ilé-ìwé àti ẹ̀rọ ìlọta, àti ọ̀nà tí irè oko lè gbà dé ọjà. Èkejì, kí a gbin igi kòkó àti ọ̀pẹ tuntun sábẹ́ igi ńlá tí yóò ṣíji bò wọ́n, kí a sì máa ṣe wọ́n di ọjà nílé, kí ẹlòmíràn má baà máa sọ iye wa fún wa títí ayé. Ẹ̀kẹta, kí àwọn yunifásítì tí ó wà ní ilẹ̀ yìí máa kọ ìgbà tí òjò dé àti ìgbà tí ó dá sílẹ̀, ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ìmọ̀ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lè pàdé.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa ni a jìn sí kòtò náà lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì tún jẹ́ ará yòókù. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi náà ṣì wà lọ́wọ́ wa díẹ̀.