Oòrùn Kàntàrí: Bí Àgbẹ̀ Ìgbómìnà Ṣe Ń Fara Da Ọ̀gbẹlẹ̀

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gba ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí kọjá. Ìkíni yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Yorùbá ń kí ènìyàn kú iṣẹ́, kú ìrìn, kú ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé ara ń ná nǹkan sórí wọn. Ooru náà jẹ́ iṣẹ́ tí ara ń ṣe. Ohun tí a fẹ́ wò lónìí ni bí àwọn àgbẹ̀ Ìlá-Ọ̀ràngún àti Ìgbómìnà Ọ̀ṣun ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ooru kí píọ̀ wọ́tà tó dé, ibi tí ọgbọ́n wọn ti kún, àti ibi tí ó ti jò.

Ìtàn so Ìlá mọ́ Ilé-Ifẹ̀ nípasẹ̀ Fágbàmílà Ajagùnńlá, ọmọ Odùduwà tí a mọ̀ sí Ọ̀ràngún. Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá ni wọ́n pín orúkọ oyè náà. Láti ara Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 1991. Àwọn Ìgbómìnà tó pọ̀ jù wà ní Kwara. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ, lẹ́yìn náà kòkó. Òjò máa ń dá ní nǹkan bí Oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ á fẹ́, títí oòrùn á fi mú ganrínganrín ní Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta. Àsìkò yẹn gan-an ni àgbẹ̀ ń ṣán igbó, tó ń sun ún, tó ń tún ilẹ̀ ṣe de òjò. Iṣẹ́ tó le jù bọ́ sí ìgbà tí oòrùn le jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Àkókò ni ọgbọ́n àkọ́kọ́. Ẹ wo àwọn orúkọ tí a fi pín ọjọ́: ìdájí, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́. Ìdájí ni àgbẹ̀ ń jáde nílé, kó lè ti bá iṣẹ́ jìnnà kí ìyálẹ̀ta tó kọjá. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn a di oòrùn kàntàrí, ọ̀rọ̀ náà sì ń túmọ̀ ara rẹ̀: ó kan àtàrí. Nígbà náà, àgbẹ̀ á fi ọkọ́ sílẹ̀, á bọ́ sábẹ́ igi tàbí sínú ahéré, á jẹun, á nà gbalaja díẹ̀. Ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀ ni ọkọ́ tún ń dún, títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀. Ẹni tí kò mọ ètò yìí lè pe àgbẹ̀ tó sùn lọ́sàn-án ní ọ̀lẹ. Àgbẹ̀ náà mọ ohun tó ń ṣe.

Ọgbọ́n kejì wà nínú amọ̀. Àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò nílẹ̀ Yorùbá. Àdúgbò Dada ní Ìlọrin, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, gbajúmọ̀ fún un. Àpáàdì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀, bíi Aribidesi Usman tó kọ The Yoruba Frontier (2012), fi ń ka ìtàn Ìgbómìnà. Ẹ fọwọ́ kan ara àmù tó kún fún omi: ó rin, ó sì tutù. Omi ń yọ́ gba inú amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń fà á gbẹ, bó sì ti ń gbẹ ló ń gbé ooru inú àmù lọ. Ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù jù nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ju ìgbà òjò lọ. Bí òógùn ṣe ń tu ara wa nìyẹn gan-an. Ọgbọ́n kan náà ni Mohammed Bah Abba lò ní àríwá Nàìjíríà, nígbà tó ki ìkòkò bọ inú ìkòkò, tó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn kí ẹ̀fọ́ má bàa tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex fún un lọ́dún 2000.

Àmù kì í bá ènìyàn lọ sóko. Agbè ló ń bá a lọ, pẹ̀lú ẹ̀kọ tàbí gàrí tí wọn yóò po mu. Ṣùgbọ́n bí omi agbè bá tán ní kàntàrí ńkọ́, tí ilé sì jìnnà? Ibí ni ọgbọ́n ti jò. Omi tó sún mọ́ jù ni àgbẹ̀ máa mu: odò tó ti fà, tàbí ọ̀gọ̀dọ̀ tó kù díẹ̀ sínú kòtò. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni sòbìyà ń gbé.

Ẹni tó bá mu ún kò ní mọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ni aràn náà ń dá egbò sí ẹsẹ̀, tí yóò máa jó o bí iná. Kí ló ń ṣe? Á ki ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tutù. Ìgbà náà gan-an ni aràn ń tu ọmọ rẹ̀ sínú omi, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú omi á gbé wọn mì, ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ á sì mu kòkòrò náà. Nítorí pé ọdún kan ló ń gbà, àsìkò iṣẹ́ oko ló tún ń dé bá ènìyàn. Ẹni tó mu omi nítorí iṣẹ́ ọdún yìí, orí ẹní ló máa wà nígbà iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980 rí aláìsàn tó lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ìlá wà nínú rẹ̀ nígbà náà, mọ àrùn yìí dáadáa.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tó dára, oògùn tí a ń dà sínú ọ̀gọ̀dọ̀, àti kíkìlọ̀ fún aláìsàn kó má ki ẹsẹ̀ bọ omi mímu, ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon bá Carter Center rin abúlé kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1999. Ọdún 2008 ni a rí aláìsàn tó kẹ́yìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, àjọ WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Àwọn baba wa ní àkókò, wọn kò ní omi tó mọ́ nítòsí oko. Àwa ní omi nínú ọ̀rá ní gbogbo ìkóríta, ṣùgbọ́n a ti sọ àkókò nù. Àárín Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹta ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń ṣe ìdíje eré sísá, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ń tú ọmọ sórí pápá. Agogo ló ń darí wa, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò yí àdéhùn tirẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kọ́ni ní ilé-ìwé, ẹ gbé eré sísá sí òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ má dúró de òǹgbẹ kí ẹ tó mu omi; bí ìtọ̀ bá ti pọ́n, omi ti dín lára nìyẹn. Ẹni tó bá làágùn púpọ̀ ti pàdánù iyọ̀ pẹ̀lú omi, kó jẹun sí i. Bí òòyì bá ń kọ́ ènìyàn, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ; bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ń dàrú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá, Òkè-Ìlá àti agbègbè rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣì kù fún wa. Ẹ bi àwọn àgbàlagbà ilé yín léèrè orúkọ tí ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà ń pe oríṣiríṣi àmù, agbè àti àkókò ọjọ́, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí orúkọ àkókò bá parẹ́ lẹ́nu wa, a ò ní mọ ìgbà tó yẹ ká kúrò nínú oòrùn.