Bí Ìwé Ìnáwó Ṣe So Àwa Ará Ọjà Pọ̀ ní Ìwó

Àwọn kan á ti máa retí pé ìtàn bí ẹgbẹ́ ṣe dá owó jọ la fẹ́ kọ. Ìyẹn dùn, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ìtàn tí a mú wá lónìí ni ti àwọn tó wá bá wa ní Ìwó láti ibòmíràn, àti bí ìnáwó ṣe ń sọ àlejò di ará ilé.

Ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú yìí á mọ̀ pé àwọn tó ṣí wá láti ibòmíràn ló tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn àgbà sọ fún wa pé Adékọ́lá Telu, ọmọ Lúwòó Gbàgìdá, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Obìnrin ni Lúwòó yìí, òun nìkan sì ni obìnrin tí ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ó jẹ Ọọ̀ni. (Kí àwọn ọkọ wa ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.) Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká tó sì run Òwu, ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá wá sí Ìwó, ìlú sì gbà wọ́n. Ìsìláàmù fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọba Mọ́mọ́dù Lámúyẹ ni Olúwòó tó kọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà dé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ìwé. Nígbà tí ìjọ wọn dá Yunifásítì Bowen sílẹ̀ ní 2001, Ìwó tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ìlú àwọn ààfáà ni wọ́n gbé e sí. Àwa tá à ń ta gàrí àti ata la tètè mọ̀ pé èrò ti pọ̀ sí i.

Báwo ni gbogbo ìwọ̀nyí ṣe wá ń gbé pọ̀? Àwọn kan á ní ọba ni, àwọn kan á ní ìjọba ni. Àwa ò já wọn nírọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá wa wo inú ìwé ìnáwó. Ìyá ọjà wo ni kò ní in? Ìwé ọmọ iléèwé ni, tí a fi ń kọ orúkọ ẹni tó bá wa ṣe ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, wòlímọ̀ ọmọ kéú, àti ohun tí ó mú wá: ẹni tó gbé ike ìrẹsì, ẹni tó yá wa ní ìkòkò ńlá méjì, ẹni tó ra aṣọ ẹbí, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ àmọ́ tó jókòó gé àlùbọ́sà láti òru mọ́jú. Ọjọ́ tí tirẹ̀ bá kàn, a ó ṣí ìwé, a ó sì san án padà, a ó tún fi díẹ̀ lé e. Ìwé yẹn kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá Jímọ̀ ló ń lọ tàbí Sọ́ńdè. Gbèsè ni, àmọ́ gbèsè tí kì í tán ni, torí náà àwọn méjì tó jẹ ara wọn ní ìnáwó kì í lè bára wọn yan odì pẹ́. Kí ìjọba òyìnbó tó ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1935 ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí, pẹ̀lú àjọ àti èésú. Onídùúró tí ẹgbẹ́ ń béèrè kí a tó yáni lówó, inú ìwé yẹn náà la ti sábà máa ń rí i.

Ọdún 2016 dán ìwé náà wò. Ní ọjọ́ kẹta oṣù June, ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ hìjáàbù lọ sí iléèwé ìjọba, títí kan àwọn tí ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ní Baptist High School níhìn-ín, àwọn ọmọ kan wọ hìjáàbù, àwọn mìíràn wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá sí kíláàsì, àwòrán wọn sì jáde nínú ìwé ìròyìn. A ò ní tún ẹjọ́ náà dá níbí. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé ọmọ wa ni gbogbo wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n lè wà nínú hìjáàbù kí ọmọ àbúrò wà nínú aṣọ akọrin. Oṣù ààwẹ̀ sì ni, oṣù tó yẹ kí ara tutù. Ọ̀rọ̀ ò rọrùn lọ́jà nígbà yẹn; ẹni tí à ń kí tẹ́lẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, a kàn ń mi orí sí i ni. Nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ wá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ July, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé a ó gbé abọ́ kọjá títì lọ́dún yìí? A gbé e. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti yanjú o. Ẹni tó gbé ìrẹsì Kérésìmesì fún ni ní December, ojú wo la fẹ́ fi wò ó? Ní September, Iléyá dé, ẹran lọ sí ilé tí ó máa ń lọ.

Ìyẹn ni ti àwa ọmọ ìlú. Àwọn mìíràn wà lọ́jà tí wọn kì í ṣe ọmọ Ìwó rárá: alálùbọ́sà láti Òkè Ọya, ọmọ Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ṣé àwa Yorùbá mọ bó ṣe ń rí lára àlejò? A mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti àwọn ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò àti Ọ̀fà, àwọn èèyàn wa lọ ń ṣòwò ní Gáná, wọ́n ń pàtẹ ọṣẹ, òwú àti aṣọ ní Kumasi àti Tamale, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ọ̀pọ̀ ta ọjà wọn ní àtàgbé, wọ́n gun lọ́rì bọ̀ wá sílé tí ọmọ wọn kò dé rí. Ní January 1983, ìjọba Shagari náà ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ará Gáná ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ló ń jẹ́ Ghana-Must-Go títí dòní. A ṣì ń tà á ní ìsọ̀ wa, láìrántí.

Ti Ṣáṣá ní Ìbàdàn ò tíì pẹ́. Ní February 2021, aláàárù kan da tòmátì sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó di ariwo, ó di ìjà, ẹnì kan kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Yorùbá àti Hausa ti ń pa ara wọn, wọ́n sun ilé àti ìsọ̀. Gómìnà ti ọjà náà pa, gómìnà mẹ́rin láti Òkè Ọya sì wá bẹ̀ ẹ́ wò. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti òkè dá ọkọ̀ dúró. Tírélà tò sí Jẹ́bà. Àlùbọ́sà gbówó lórí lọ́dọ̀ wa níbí, tòmátì ń jẹrà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń rà tí wọ́n ń tà fún ara wọn ní Ṣáṣá, owó ọjà kò gbà wọ́n. Owó ọjà, tí a bá ti san án, ó ti tán nìyẹn. Èrò tiwa ni pé alálùbọ́sà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé ìnáwó.

Ó sì ti ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìyàwó ọ̀kan nínú wọn bímọ, àwa mélòó kan ró aṣọ, a lọ. Wọ́n ní ọjọ́ keje ni ìsọmọlórúkọ, a ní ọjọ́ kẹjọ ni. A jọ ka ọjọ́ lórí ìka, ó bọ́ sí ọjọ́ kan náà: àwa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, àwọn kì í kà á. Wọ́n pa àgbò, wọ́n pín góòrò, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n ti ra obì náà. Ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò náà tẹ̀lé wa lọ, ó gbé ike ọṣẹ dání. Fún àjọ̀dún yìí, ìyá ọmọ náà ti rán àpò àlùbọ́sà méjì sí wa. Akápò ti kọ ọ́ sílẹ̀.