Èló Ni Kí N Gbà? Ìtàn Owó Iṣẹ́ Omíyalé ní Houston

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi í pamọ́ di alẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan níbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ kápẹ́ẹ̀tì pè mí lóru. Omi ti kún yàrá mẹ́ta nílé oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá Dókítà, èló ni kí n gbà?" Èmi tí mi ò tíì gba dókítà náà! Mo ní kó pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àwọn ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú ọdún 2017. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ìtàn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé kò sí iye owó tó já bọ́ láti ọ̀run. Ohun kan ló bí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Omíyalé kì í ṣe àjèjì sí wa. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: omi yà sílé, bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè. Ìyá mi àgbà kì í dárúkọ Ògùnpa kí wọ́n má mí kanlẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò yẹn kún bo Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní igba sì bá a lọ. Wọ́n ní nígbà tí omi fà, àwọn tó ṣẹ́kù gbọ́n ẹrẹ̀ jáde, wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, wọ́n sá ẹní sóòrùn. Ẹnikẹ́ni ò pe oníkápẹ́ẹ̀tì, torí kí ló fẹ́ wá fọ̀?

Ilé Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Fóòmù wà lórí ilẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri wà lórí fóòmù, ògiri gan-an sì jẹ́ páálí tí ẹfun wà nínú rẹ̀. Bí omi bá kàn án nísàlẹ̀, ó máa fà á sókè bí òwú àtùpà. Ìtàn kápẹ́ẹ̀tì yìí fúnra rẹ̀ dùn. Ní Dalton, ní Georgia, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Catherine Evans fi ọwọ́ ṣe aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, ó ta á ní dọ́là méjì ààbọ̀ ní ọdún 1900. Àwọn aládùúgbò kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì sì parí, iṣẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn di iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó ń bo gbogbo ilẹ̀ ilé. Ẹní tí a ò lè ká, tí a ò lè sá sóòrùn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ti wá.

Ní ọdún 1972, àwọn tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń fún òṣìṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Òun la mọ̀ sí IICRC lónìí. Ní 1994, wọ́n tẹ ìwé ìlànà kan jáde, S500, lórí ilé tí omi bá bà jẹ́. Nínú ìlànà yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni omi pín sí. Ìkíní ni omi mímọ́, bí ti páìpù ẹ̀rọ omi. Ìkejì ni omi tó ti ní ìdọ̀tí díẹ̀, bí ti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìkẹta ni omi ẹlẹ́gbin: ti ṣáláńgá, tàbí àgbàrá tó gba ìta wọlé. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù: omi kì í dúró sí ipò rẹ̀. Èyí tó mọ́ lọ́jọ́ Ajé lè ti di ẹlẹ́gbin kó tó di Ọjọ́bọ̀. Láàárín wákàtí 24 sí 48, ohun tó rin lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Nǹkan kejì tó bí iye owó ni ìnṣọ́ránsì. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni ò fẹ́ gbọ́ orúkọ àgbàrá, torí tó bá dé, gbogbo àdúgbò ló ń bà jẹ́ pa pọ̀. Lẹ́yìn tí ìjì Betsy fọ́ Louisiana ní 1965, ìjọba àpapọ̀ gbé ìnṣọ́ránsì omíyalé tiwọn kalẹ̀ ní 1968. Láti ìgbà yẹn, àpò méjì ló wà. Bí páìpù bá ṣàdédé bẹ́ nínú ilé, ìnṣọ́ránsì ilé ló sábà máa ń san án. Bí omi bá ti ìta wọlé, àfi kó o ti ra ti omíyalé lọ́tọ̀. Bí o ò bá rà á, àpò ara rẹ ni. Nígbà tó sì di 1986, iléeṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Utah, Xactware. Ètò kọ̀ǹpútà wọn, Xactimate, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń lò báyìí láti wo iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lọ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà rò pé òun àti ìwọ lẹ jọ ń nájà. Kò mọ̀ pé ẹnì kẹta ti jókòó sáàárín yín.

Ó wá di ọdún 2017. Lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ìjì Harvey gúnlẹ̀ sí Texas lẹ́bàá Rockport. Ó wá dúró gbagidi lórí wa, ó ń da òjò. Ní Nederland, òjò tó rọ̀ lé ní íǹṣì 60. Lọ́jọ́ 28, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sílẹ̀ nínú Addicks àti Barker, ìdídò méjì tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1940 nítorí omíyalé 1929 àti 1935. Ní Harris County nìkan, ilé tó lé ní 150,000 ni omi wọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní ìnṣọ́ránsì omíyalé.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ò sinmi. Yàrá ni wọ́n fi ń dá iye lé iṣẹ́ nígbà yẹn, 40 dọ́là yàrá kan. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pè wọ́n. Àgbàrá ti wọlé Màmá dé orókùn, ó sì dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ìnṣọ́ránsì. Àánú ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Mà, ẹ fún mi ní 60 dọ́là yàrá kan, màá bá yín gba kápẹ́ẹ̀tì yìí là." Wọ́n fa omi, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wọ́n oògùn sí i, wọ́n tan fáànù mẹ́ta. Ó mọ́ lójú. Wọn ò kó fóòmù, wọn ò gé ògiri. Kò pé oṣù kan, ògiri ti bu láti inú, ọmọ-ọmọ Màmá tó ní ikọ́ fée sì ti dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi dá gbogbo owó padà, wọ́n tún san owó àwọn tó wá gé ògiri. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, "Ọ̀gbẹ́ni" ni Màmá ń pè wọ́n, kì í ṣe "ọmọ mi" mọ́.

Àwọn míì ṣe òdìkejì. Lásìkò Harvey yẹn, àwọn èèyàn fẹjọ́ sun ìjọba Texas pé wọ́n ń ta páálí omi kan ní 99 dọ́là. Òfin Texas ò gba ìlọ́nilọ́wọ́gbà bẹ́ẹ̀ tí ìjọba bá ti kéde àjálù. Láti 2011, òfin míì tún wà pé ẹni tí kò tíì ní ọ́fíìsì fún ọdún kan ní county náà tàbí èyí tó bá a pààlà, kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe lẹ́yìn àjálù. Ẹni tó ń lé àjálù kiri láti ìpínlẹ̀ míì ni wọ́n ń bá wí, àmọ́ ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù Uri dé. Iná lọ nílé àti iléeṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ní Texas, páìpù dì, nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n bẹ́ káàkiri. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba ìwé ẹ̀rí nígbà yẹn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan, mo rí ìyàtọ̀. Wọ́n ti omi, wọ́n pa iná, wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin inú ògiri, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, oníbàárà buwọ́ lùwé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fa omi, tí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kó fóòmù jù nù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń padà wá wọn ọ̀rinrin, títí ibi tó rin fi gbẹ bí ibi tí omi ò dé. Ìwé owó wọn ò sì dá "yàrá" mọ́: owó ìpè òru lọ́tọ̀, fífa omi lọ́tọ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin lọ́tọ̀ lóòjọ́, kíkó ìdọ̀tí lọ́tọ̀. Ìnṣọ́ránsì bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n fi àkọsílẹ̀ dáhùn, owó wọlé.

Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé oníbàárà ni òwe yìí ń bá wí. Àṣé ó ń bá ẹni tó ń tajà náà wí. Àánú tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe Màmá ò burú. Àmọ́ ká ní wọ́n ní, "Mà, kápẹ́ẹ̀tì yìí ti lọ, mi ò ní gba owó fífọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ ká jọ kó o jáde," àánú nìyẹn ì bá jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò dárúkọ owó kankan fún àbúrò wa lóru yẹn. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi í: omi wo ni, láti ìgbà wo, ta ló fẹ́ san án? Ó padà bi oníbàárà. Àṣé páìpù ti bẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, onílé ò sí nílùú. Iṣẹ́ tó fẹ́ gbà ní 180 dọ́là, ó ní òun ò tíì ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ó fà á lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó sì bá wọn lọ láti kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ yìí ní London, Toronto, Atlanta, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin onílé ńkọ́? Ẹ lọ wo ìwé ìnṣọ́ránsì yín lálẹ́ yìí, kójò tó rọ̀.